Ṣé Òótọ́ Ni Ìyàtọ̀ Náà, Tàbí Ó Kàn Ṣèèṣì?

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí iye. Ẹ má sá o. Kì í ṣe ìṣirò tí yóò fọ́ yín lórí. Bí ẹ bá lè ka àgbàdo, tí ẹ sì lè fi iye kan sọ òmíràn di púpọ̀, ẹ ó bá wa dé ibi tí à ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ igi, níbi tí àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun fún wa. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá kan ní: "Àwọ̀n yìí kò wúlò. Ọmọ mi sùn sábẹ́ rẹ̀, ibà sì mú un." Ìyá kejì ní: "Rárá o. Láti ìgbà tí mo ti ta á sórí ibùsùn, ọmọ mi kò ṣàìsàn mọ́." Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí ojú kálukú rí ló ń sọ.

Ta ni ká gbà gbọ́? Bí a bá gba ìyá kìíní gbọ́, tí àwọ̀n náà sì dára, a ó fi í ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ ká, ibà yóò sì máa mú àwọn ọmọ wa. Bí a bá gba ìyá kejì gbọ́, tí àwọ̀n náà kò sì lágbára, a ó fọkàn balẹ̀ sórí ohun tí kò lè gbà wá. Ibà kì í ṣe eré. Ó wà lára àwọn àrùn tó ń pa ọmọdé jù ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọmọ kan kò tó fi ṣe ìdájọ́. Ọmọ méjì náà kò tó. A ní láti yẹ ọmọ púpọ̀ wò, ká fi àwọn tó ń lo àwọ̀n tuntun wé àwọn tó ń lo àwọ̀n àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá yẹ̀ wọ́n wò tán, tí iye ti ìhín yàtọ̀ sí iye ti ọ̀hún, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: ṣé òótọ́ ni ìyàtọ̀ náà, tàbí ó kàn ṣèèṣì bẹ́ẹ̀?

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń fi wéra. Ẹ wo abúlé méjì kan. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí àròsọ ni. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà létí odò. Ibà mú ọmọ 30 ní abúlé òkè. Ó mú ọmọ 20 ní abúlé odò. Níbo ni ibà ti le jù? Ẹni tó bá yára yóò ní abúlé òkè ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé: ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀? Bí ọmọ 300 bá wà lókè, 30 nínú 300 jẹ́ 10 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 80 péré ló wà létí odò, 20 nínú 80 jẹ́ 25 nínú 100. Létí odò ni ibà ti le jù. Ohun tí à ń fi wéra ni ìpín, ìyẹn ni pé mélòó nínú mélòó. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ iye kan fún yín, tí kò sọ nínú mélòó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pé.

Nígbà mìíràn, a kò lè yẹ gbogbo ọmọ wò. Owó kò tó, àkókò kò tó. Nítorí náà, a máa ń mú díẹ̀ nínú wọn. Ohun tí obìnrin tó ń se ọbẹ̀ ń ṣe náà nìyẹn. Kì í mu gbogbo ìkòkò tán kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ó rò ó, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. Ẹ fi sọ́kàn pé ó kọ́kọ́ rò ó. A ó padà sórí ìyẹn.

Bíbù díẹ̀ yìí ní ewu kan, ẹ ó sì fi ojú ara yín rí i lónìí. Ẹ wá igbá ńlá kan. Ẹ da àgbàdo pupa àti àgbàdo funfun sínú rẹ̀, kí iye méjèèjì dọ́gba. Ẹ pò ó pọ̀ dáadáa. Ẹ di ojú, kí ẹ mú 20 jáde. Ẹ ka pupa inú rẹ̀. Ẹ dá wọn padà, ẹ tún pò ó, ẹ tún mú 20. Ṣé pupa jẹ́ 10 lẹ́ẹ̀mejèèjì? Ó ṣòro. Ó lè jẹ́ 12 lẹ́ẹ̀kìíní, kó jẹ́ 8 lẹ́ẹ̀kejì. Igbá kan náà ni o! Ẹnikẹ́ni kò yí àgbàdo inú rẹ̀ padà. Síbẹ̀, ẹni tí kò rí igbá, tó gbọ́ 12 àti 8 nìkan, yóò búra pé igbá méjì ni ẹ ti mú wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyàtọ̀ lè yọjú níbi tí ìyàtọ̀ kò sí. Ọwọ́ tí a fi mú àgbàdo ló mú un wá. Ìyẹn ni à ń pè ní ìyàtọ̀ tó ṣèèṣì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sí abúlé òkè àti abúlé odò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 20 wò létí odò, ó rí ibà lára 12. Ó yẹ ọmọ 20 wò lókè, ó rí i lára 8. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ ọmọ 4 yìí ju èèṣì lọ?

Ọmọ 40 ni gbogbo wọn. Ogún nínú wọn ní ibà, ogún kò ní. Ẹ ka àgbàdo pupa 20 sínú igbá fún àwọn tó ní ibà. Ẹ ka funfun 20 sí i fún àwọn tí kò ní. Wàyí o, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín abúlé méjèèjì, pé ibà kò mọ òkè yàtọ̀ sí odò. Ẹ pò ó pọ̀. Ẹ di ojú, ẹ mú 20 jáde, ẹ pè é ní "odò". Èyí tó kù nínú igbá jẹ́ "òkè". Ẹ ka pupa inú "odò". Bí ó bá jẹ́ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi èédú fa ìlà kan sára ògiri. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí kó dín, ẹ fa ìlà bákan náà, nítorí ìyàtọ̀ ọmọ 4 ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó kàn kọjú sí apá kejì ni. Bí ó bá jẹ́ 9, 10 tàbí 11, ẹ má fa nǹkan kan. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ tún un ṣe.

Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀ 100 (ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ràn yín lọ́wọ́, wọn yóò gbádùn rẹ̀), ìlà yín yóò tó bíi 34. Ẹ tún un kà: bíi 34 nínú 100. Èèṣì nìkan, láìsí ìrànlọ́wọ́ odò tàbí òkè, ń mú irú ìyàtọ̀ yìí tàbí èyí tó jù ú lọ wá ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá wá dìde ní ìpàdé abúlé pé, "Ẹ wò ó, ibà le létí odò, 12 sí 8!", ó ti yára jù. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Ṣùgbọ́n ohun tó ní lọ́wọ́ kò tíì tó láti fi mọ̀.

Ká ní ó rí 13 sí 7 ńkọ́? Ìlà ara ògiri yóò tó bíi 11 nínú 100. Bí ó bá sì rí 14 sí 6, yóò kù sí bíi 2 tàbí 3 nínú 100. Ibẹ̀ ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nǹkan kan ń bẹ létí odò.

Ẹ ó béèrè pé: ibo gan-an ni ààlà wà? Àwọn onímọ̀ ìṣirò sábà máa ń fi 5 nínú 100 ṣe ààlà. Bí èèṣì bá lè mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ju 5 lọ nínú 100, wọn a ní ẹ̀rí kò tó. Bí kò bá tó 5, wọn a ní ó jọ òótọ́. Ọkùnrin ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Fisher, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ló sọ ààlà yìí di mímọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1925. Kì í ṣe Ọlọ́run ló fi í lélẹ̀. Lójú tèmi, ó dára gẹ́gẹ́ bí okùn tí a fi pààlà oko: ó ń dín ìjà kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìhín okùn àti ilẹ̀ ọ̀hún okùn kò yàtọ̀ síra. Ohun tó jẹ́ 4 nínú 100 àti ohun tó jẹ́ 6 nínú 100, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká pọ̀ sí i. Ká sọ pé ọmọ 200 ni òṣìṣẹ́ ìlera yẹ̀ wò létí odò, ó rí ibà lára 120. Ó yẹ 200 wò lókè, ó rí i lára 80. Ìpín náà kò yí padà rárá: 60 nínú 100 sí 40 nínú 100, bíi ti àná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àgbàdo 400 ṣe eré wa, ẹ lè pò ó láti àárọ̀ dé alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìfa ìlà kan ṣoṣo. Èèṣì kì í mú irú rẹ̀ wá tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000. Bí àwọn tí a yẹ̀ wò ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára èèṣì ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan ti ìyá kìíní àti ọmọ kan ti ìyá kejì kò fi lè parí àríyànjiyàn abẹ́ igi.

Ta ló wá lè máa pò àgbàdo 400? Ọ̀nà kúkúrú kan wà tí ẹ lè fi èédú ṣe sára ògiri. Ẹ lò ó níbi tí iye ènìyàn apá méjèèjì bá dọ́gba tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀. Ẹ fi ohun tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ro iye méjèèjì pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Bí ti àkọ́kọ́ bá ju ti ìkejì lọ, ìyàtọ̀ náà ti ju ohun tí èèṣì sábà máa ń mú wá.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. 12 àti 8: ìyàtọ̀ jẹ́ 4. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Àpapọ̀ jẹ́ 20, ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 80. 16 kò tó 80. Ẹ̀rí kò tó. 120 àti 80: ìyàtọ̀ jẹ́ 40. 40 lọ́nà 40 jẹ́ 1,600. Àpapọ̀ jẹ́ 200, ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 800. 1,600 ju 800 lọ. Ó yege.

Ọ̀nà kúkúrú yìí le díẹ̀ ju eré àgbàdo lọ. Ó lè sọ pé ẹ̀rí kò tó níbi tí àgbàdo yóò ti gbà. Láti dín líle rẹ̀ kù, èyí tó kéré ni kí ẹ máa kà: bí àwọn tó ṣàìsàn bá ju àwọn tí ara wọn le lọ, àwọn tí ara wọn le ni kí ẹ fi ṣírò.

Nǹkan tí a ń fi àgbàdo ṣe yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ní 1954, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára tí dókítà Jonas Salk ṣe ń dènà àrùn náà. Wọ́n fún ọmọ tó lé ní 200,000 ní abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n fún àwọn mìíràn tó lé ní 200,000 ní abẹ́rẹ́ tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Òbí kò mọ èyí tí ọmọ òun gbà, dókítà kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àrùn ti sọ ọmọ 115 di arọ nínú àwọn tí kò gba oògùn, ó sì sọ 33 di arọ nínú àwọn tó gbà á. Ẹ fi ọ̀nà wa wò ó: 115 dín 33 jẹ́ 82. 82 lọ́nà 82 jẹ́ 6,724. Àpapọ̀ jẹ́ 148, ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 592. Kò sí iyèméjì. Ẹ sì wo ìdí tí wọ́n fi nílò ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àrùn náà kò wọ́pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 2,000 ni wọ́n mú ní apá kọ̀ọ̀kan, bóyá ọmọ kan péré ni wọn ì bá rí níhìn-ín, kí wọ́n má rí ẹnì kankan lọ́hùn-ún. Ta ni yóò fi ìyẹn ṣe ìdájọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí ẹjọ́ náà ti délé, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Oògùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pyrethroid ló wà lára àwọ̀n tí a ti ń lò láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀fọn ti mọ̀ ọ́n lára, kò pa wọ́n tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ wá ṣe àwọ̀n tuntun tó ní oògùn méjì. Ọ̀kan fi chlorfenapyr kún ti àtijọ́. Òmíràn fi pyriproxyfen kún un, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn lè bímọ. Ìbéèrè ìyá méjèèjì náà ló dé iwájú wọn: ṣé ó wúlò ju ti àtijọ́ lọ?

Wọ́n dán an wò ní Tànsáníà, ní agbègbè Misungwi, nítòsí adágún ńlá Victoria. Oríṣi àwọ̀n mẹ́rin ni wọ́n pín ní 2019, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni a ó sọ. Wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ abúlé tí yóò gba oríṣi kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù 24, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò. Nínú ọmọ 1,199 tó wà níbi àwọ̀n àtijọ́, 549 ní kòkòrò ibà lára. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 46 nínú 100. Níbi chlorfenapyr, 326 nínú 1,272 ni, bíi 26 nínú 100. Níbi pyriproxyfen, 472 nínú 1,258 ni, bíi 37 tàbí 38 nínú 100.

Ẹ mú èédú yín. 549 àti 326: ìyàtọ̀ jẹ́ 223. Bí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ 49,729. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 875, ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 3,500. Ó yege gidigidi. Àwọn onímọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀.

Wàyí, 549 àti 472: ìyàtọ̀ jẹ́ 77. 77 lọ́nà 77 jẹ́ 5,929. Àpapọ̀ jẹ́ 1,021, ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 4,084. 5,929 ju 4,084 lọ. Ọ̀nà kúkúrú wa ní ó yege. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ náà kọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 2022, wọ́n ní ẹ̀rí ti àwọ̀n yìí kò tó.

Ṣé ọ̀nà wa purọ́ ni? Kò purọ́, àwa la lò ó níbi tí kò yẹ. Ẹ rántí pé nínú eré àgbàdo, hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró. Pupa kan kò fa pupa mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ abúlé kan náà kò dá dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ wọ́n. Bí omi bá dúró sẹ́yìn agbo ilé kan, gbogbo ọmọ agbo ilé náà ni yóò jẹ nínú ìyà rẹ̀. Bí ẹ bá yẹ ọmọ 50 wò ní agbo ilé yẹn, ẹ má rò pé ẹ ti gbọ́ ẹ̀rí láti ẹnu 50. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ẹ bi ẹlẹ́rìí kan ní ìbéèrè kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, níbi tó jẹ́ pé abúlé lódindi ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún, abúlé ni hóró àgbàdo, kì í ṣe ọmọ. Hóró yín wá dín kù gan-an, agbára èèṣì sì pọ̀ sí i.

Ìwádìí ti Bẹ̀nẹ̀ fi èyí hàn kedere. Ó wáyé ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, ní ìpínlẹ̀ Zou, tó bá Collines tiwa pààlà. Abúlé 123 ni wọ́n kó jọ sí ọ̀wọ́ 60, wọ́n sì ṣẹ́ gègé pín ọ̀wọ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta, 20, 20, 20. Wọ́n pín àwọ̀n ní oṣù kẹta 2020. Fún ọdún méjì, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ẹni oṣù mẹ́fà dé ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ń kọ ìgbàkígbà tí ibà bá mú wọn sílẹ̀. Èyí kì í ṣe mélòó nínú mélòó bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí ibà lè mú ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò yàtọ̀. Èsì náà jáde ní 2023. Níbi àwọ̀n àtijọ́, ibà mú ọmọ 100 ní ìgbà 103 lọ́dún kan. Níbi pyriproxyfen, ìgbà 84. Níbi chlorfenapyr, ìgbà 56.

Ìyàtọ̀ 103 sí 84 kò kéré lójú. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín lọ́jà, ẹ ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọ̀wọ́ abúlé ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé èèṣì lè mú irú rẹ̀ wá ní bíi 28 nínú 100. Ti 103 sí 56 ńkọ́? Kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000.

Ní oṣù kẹta 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ̀fọn ti mọ oògùn àtijọ́ lára nímọ̀ràn tó lágbára pé kí wọ́n lo àwọ̀n chlorfenapyr dípò ti àtijọ́. Ti pyriproxyfen, wọ́n gbà á pẹ̀lú ìṣọ́ra, wọn kò sì jù ú nù. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa. "Ẹ̀rí kò tó" kì í ṣe "kò wúlò". Adájọ́ tó bá ní ẹ̀rí kò tó, kò sọ pé ọkùnrin náà kò jalè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, ló ń ṣi èyí gbọ́.

Ẹ tún wo 56 yẹn. Àwọ̀n tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, síbẹ̀ ibà ṣì mú ọmọ 100 ní ìgbà 56 lọ́dún. Nítorí náà òótọ́ ni ìyá kìíní sọ: ọmọ rẹ̀ sùn sábẹ́ àwọ̀n tó dára, ibà sì mú un. Ohun tí kò lè rí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn ìgbà 47 tí ibà ì bá tún wá, tí kò sì wá.

A fẹ́ padà sórí ọbẹ̀ tí obìnrin yẹn rò. Bí iyọ̀ bá wà nísàlẹ̀, tó sì jẹ́ òkè ìkòkò ló bù wò, yóò tún da iyọ̀ sí i, ọbẹ̀ yóò bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ń ka àwọn ọmọ tó ní ibà, ó bù ú láti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àwọn aláìsàn ló ń wá síbẹ̀. Bí ó bá lọ sí ọjà ní ọjọ́ ọjà, àwọn tí ara wọn le ni yóò bá pàdé. Àgbàdo pípò àti ìṣirò ara ògiri kò lè tún irú àṣìṣe yìí ṣe, bó ti wù kí ènìyàn pọ̀ tó. Bákan náà, ká ní wọ́n sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá gba àwọ̀n tuntun, àwọn ìyá tó máa ń ṣọ́ ọmọ wọn jù ni yóò kọ́kọ́ dé. Ọmọ wọn ì bá sàn ju ti àwọn yòókù lọ, pẹ̀lú àwọ̀n tàbí láìsí i. Ìdí tí wọ́n fi ṣẹ́ gègé nìyẹn. Gègé kò mọ ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ, kò mọ olówó, kò mọ ọmọ olóyè. Ó ń ro ìkòkò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá nìyí, kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Àgbẹ̀ kan ní irúgbìn kajú 200. Ó pò ó pọ̀, ó sì pín in sí méjì láìṣà á. Ó rẹ 100 sínú omi kó tó gbìn ín, kò rẹ 100 yòókù. Nínú àwọn tó rẹ, 64 hù. Nínú àwọn tí kò rẹ, 52 hù. Ṣé kó máa rẹ irúgbìn lọ? Àwọn tí kò hù ló kéré, nítorí náà àwọn ni ẹ ó kà. Ẹ ṣe é fúnra yín kí ẹ tó ka ìlà tó kàn.

Àwọn tí kò hù jẹ́ 36 àti 48. Ìyàtọ̀ jẹ́ 12, 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Àpapọ̀ jẹ́ 84, ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 336. Ẹ̀rí kò tó. Bí ó bá gbin 300 ní apá kọ̀ọ̀kan, tí ìpín náà kò sì yí padà, àwọn tí kò hù yóò jẹ́ 108 àti 144. Ẹ ṣírò ìyẹn pẹ̀lú, kí ẹ wò ó bóyá yóò yege.